Wọ́n rán àbúrò mi lọ sẹ́wọ̀n oṣù 46 nítorí ọta ìbọn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ṣé a ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?

Àkànní | Àbámẹ́ta, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ bá mi fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ni adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan níbí ní Amẹ́ríkà dá lẹ́wọ̀n oṣù 46 ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó ṣe ni pé ó kó ọta ìbọn sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ó kó aṣọ àti bàtà lé e lórí, ó sì fi í sínú kọ̀nténà tó ń lọ sí Nàìjíríà, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò gba ìwé àṣẹ. Nínú fọ́ọ̀mù ẹrù, aṣọ nìkan ló kọ. Àwọn aṣọ́bodè tú dúrọ́ọ̀mù náà ní èbúté kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn án: fàyàwọ́ ọjà jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, abala 554 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn olùpẹ̀jọ́. Kò ṣẹ̀ sófin rí láyé rẹ̀.

Wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ nílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i ni wọ́n ní kó wá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n.

Agbẹjọ́rò tí kóòtù yàn fún un ní ká má wulẹ̀ ronú kan ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn nínú ìwé àdéhùn. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀nà ti dí pátápátá? Bí a bá sì pe ẹjọ́ náà, ṣé wọn kò ní bínú fi kún oṣù rẹ̀? Ìyá wa kò tíì jẹun kánú láti ọjọ́ náà.

Akọ̀wé_Kóòtù | Àbámẹ́ta, aago 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yín méjèèjì tì ná, nítorí nǹkan kan wà tó jù wọ́n lọ lálẹ́ òní: ọjọ́.

Ọjọ́ 14 péré ni ẹni tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá lẹ́bi ní láti fi ìwé sílẹ̀ pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìdájọ́ sínú ìwé kóòtù ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí adájọ́ fẹnu sọ ọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì yàtọ̀. Ẹ má fi ọkàn sí ọjọ́ kan tàbí méjì yẹn. Ẹ kà á láti Ọjọ́bọ̀ tí adájọ́ sọ̀rọ̀. Òní di ọjọ́ 9. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló parí.

Ìwé náà kì í ṣe ìwé ńlá. Ojú ewé kan ni. Orúkọ ẹni tó ń pe ẹjọ́, ìdájọ́ tó ń tako, àti orúkọ ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń gbé e lọ. Wọn kì í kọ ìdí síbẹ̀. Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà gan-an lẹ ó mú un lọ, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi ibẹ̀ gbà.

Ní ti agbẹjọ́rò: bí àbúrò yín bá sọ fún un pé "bá mi fi ìwé náà sílẹ̀", dandan ni kó fi í sílẹ̀, ìyọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tàbí kò sí ìyọ̀ǹda ẹ̀tọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 2019 nínú ẹjọ́ Garza àti Idaho. Agbẹjọ́rò lè rò pé ẹjọ́ náà kò ní lọ jìnnà, ó lè sọ èrò rẹ̀ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ìpinnu. Àbúrò yín fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́ o, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì, kí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀.

Bí agbẹjọ́rò náà bá sì ń fònídónìí fọ̀ladọ́la, kí àbúrò yín lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù. Òfin ìlànà kóòtù, Òfin 32, sọ pé bí olùjẹ́jọ́ bá bẹ akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ìwé náà fún un kó sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti jókòó lórí àga yẹn rí, mo sì ti kọ ọ́ fún àwọn tí omijé wà lójú wọn. Dọ́là 605 ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kóòtù ti yan agbẹjọ́rò fún nítorí àìlówó kò ní san án.

Ìyá_Ìbejì | Àbámẹ́ta, aago 10:22 alẹ́

Àkànní ọmọ mi, gbọ́ ohun tí Akọ̀wé wí. Ọkọ mi ni tèmi, ẹjọ́ owó ni, kì í ṣe ọta ìbọn. Agbẹjọ́rò ní òun yóò bá wa wò ó. A ń dúró. Ọjọ́ 14 kọjá, ó di ọjọ́ 20, mo tó gbọ́ pé kò sí ìwé kankan ní kóòtù. Ẹnì kan ló sọ fún mi nígbà náà pé adájọ́ lè sún ọjọ́ náà síwájú, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lé lórí 14 àkọ́kọ́ lọ, bí a bá ní ìdí tó ṣe é gbọ́ sétí. A sáré bẹ̀bẹ̀, ó gbà fún wa. Ṣùgbọ́n oorun tí mi ò sùn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, n kò fẹ́ kí ìyá yín fojú rí i.

Àkànní | Àìkú, aago 6:15 àárọ̀

Màmá, ẹ ṣeun. Akọ̀wé, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti pe àbúrò mi lóru, ó ti kọ ímeèlì sí agbẹjọ́rò. Bí kò bá dáhùn di ọ̀sán ọ̀la, a ó jọ lọ sí kóòtù.

Mo wá jókòó ti ìwé ìwádìí tí ọ́físà kóòtù kọ ṣáájú ìdájọ́, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní PSR. Ohun kan ń rú mi lójú níbẹ̀. Wọ́n ní ọta tí wọ́n bá nínú dúrọ́ọ̀mù jẹ́ 412. Ní ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ 1,252. Mo wá wò ó pé wọ́n fi 840 kún un láti inú rìsíìtì ilé ìtajà tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó rà láàárín ọdún kan ṣáájú. Àbúrò mi ní orí pápá ìyìnbọn lòun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ti yìn ín tán. Ṣé ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ni? Bó ṣe wù kó rí, ọta ni ọta.

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Àìkú, aago 11:30 àárọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ka ohun tí ẹ kọ yìí, mo ní láti jáde síta láti tún un kà. Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kò kàn ń wo ojú ọ̀run mú iye oṣù. Ìwé ìlànà ìdájọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 kò pọn dandan mọ́ kó dúró sórí iye tí ìṣirò náà bá gbé jáde. Abala 2M5.2 ni ti kíkó nǹkan ogun jáde láìgbàṣẹ. Ipele 26 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; ipele ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó, bó bá ṣe ga tó ni oṣù ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àyè kan wà: bí ó bá jẹ́ ọta àwọn ìbọn kékeré tí kì í ṣe ti arọ̀jò-ọta nìkan ni, tí kò sì ju 500 lọ, ipele 14 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Àyè yẹn kò sí fún ọta láyé àtijọ́. Ìbọn nìkan ló wà fún, tí kò bá ju 10 lọ. Àtúnṣe November 2011 ló dín ìbọn kù sí 2, tó sì fi ọta 500 síbẹ̀.

Ẹ wá wo oṣù. Ipele 26: ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi gba ìdínkù 3, ó ku 23. Ẹni tí kò ṣẹ̀ rí, ní ipele 23, oṣù 46 sí 57. Ipele 14: ìdínkù 2 ló tọ́ sí i, nítorí ẹ̀kẹta wà fún ipele 16 sókè nìkan. Ó ku 12. Oṣù 10 sí 16.

412 wà lábẹ́ 500. 1,252 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Rìsíìtì yẹn ló gbé ọmọ yín láti oṣù 10 dé oṣù 46.

Ẹ sì kíyè sí ibi tí adájọ́ dúró sí: oṣù 46, ìsàlẹ̀ pátápátá ohun tí ìṣirò gbé jáde. Adájọ́ tó mú ìsàlẹ̀ ń sọ fún yín pé òun kò fẹ́ fìyà jẹ ọmọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 2016, nínú ẹjọ́ Molina-Martinez, pé bí ìṣirò bá ṣì, ìṣìnà yẹn nìkan sábà máa ń tó láti fi hàn pé ìdájọ́ ì bá yàtọ̀.

Ṣé a lè ka ọta tí kò sí nínú dúrọ́ọ̀mù? Òfin gba adájọ́ láyè láti wo ìwà mìíràn tó jẹ mọ́ ẹ̀sùn náà, kò sì nílò ẹ̀rí tó dájú bíi ti ìgbẹ́jọ́. Ó tó kí ẹ̀rí tẹ̀ sápá kan díẹ̀. Ṣùgbọ́n rírà kì í ṣe kíkó jáde. Ẹni tó ra ọta ní ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà kò tíì rú òfin kankan lórí ọjà òkè òkun. Ó gbọ́dọ̀ sí ohun kan tó so 840 yẹn mọ́ ọkọ̀ ojú omi kan: ìwé ẹrù àtijọ́, ọ̀rọ̀ orí fóònù, owó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Kí ni PSR sọ pé ó so wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè tó tún ju ìyẹn lọ: ṣé agbẹjọ́rò rẹ̀ tako nọ́ńbà yẹn?

Arìnrìnàjò | Àìkú, aago 12:48 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin yìí kó ọta pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó sì purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ìbọn ti mú ènìyàn lọ nínú ẹbí tèmi, ọta tó pa á kò ṣàdédé dé ibẹ̀, ẹnì kan ló kó o wọlé. Bí mo ṣe ń ka bí ẹ ṣe ń ka ọta 412 bí ẹni ń ka ẹ̀pà, inú mi kò dùn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Kí ló kù láti pe ẹjọ́ lé lórí?

Àkànní | Àìkú, aago 1:30 ọ̀sán

Arìnrìnàjò, mo kí yín kú àdánù ẹni yín. N kò ní jiyàn lórí ohun tí ẹ sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo pariwo mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Ó ní oko ni ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi ṣọ́. Mo bi í pé ṣé ó mọ ibi tí ọta máa ń gbà lọ lẹ́yìn oko, kò lè dáhùn. Ó yẹ kó lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé ṣé ẹ̀wọ̀n ohun tó ṣe ni wọ́n fún un, àbí ti ohun tí wọ́n rò pé ó ṣe.

Ìyá_Ìbejì | Àìkú, aago 2:02 ọ̀sán

Arìnrìnàjò, ìrora yín jẹ́ òótọ́. Ọmọ náà kò sẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Àìkú, aago 3:10 ọ̀sán

Kí n dáhùn Arìnrìnàjò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ohun tó sọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò tí wọn kò sọ. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ kì í ṣe pé ẹnì kan ń sọ pé òun kò ṣe é. Àwọn adájọ́ mẹ́ta yóò ka ohun tó wà nínú ìwé, wọn kò ní gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọn kò ní rí ojú àbúrò Àkànní. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ṣé ẹni tó ṣe ìdájọ́ tẹ̀ lé òfin. Ìlà 500 tí àwọn tó kọ ìlànà fà, nítorí irú ìbẹ̀rù tí Arìnrìnàjò ní ni wọ́n ṣe fà á: wọ́n fẹ́ ya ẹni tó kó díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣòwò rẹ̀. Àlàyé abẹ́ abala yẹn gan-an ní kí adájọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fi ààbò Amẹ́ríkà sínú ewu tó, bí òwò náà ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe fọgbọ́n pète rẹ̀ tó, àti bóyá ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí 840 yẹn bá lọ sókè òkun lóòótọ́, oníṣòwò ni. Bí kò bá lọ, kì í ṣe oníṣòwò. Ó yẹ kí ẹnì kan ti rí ìdáhùn sí ìyẹn kí wọ́n tó ka oṣù.

Arìnrìnàjò | Àìkú, aago 3:41 ọ̀sán

Mo gbọ́, bàbá. N kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Àkànní | Àìkú, aago 5:20 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Agbẹjọ́rò, mo ti wá a. Lẹ́yìn PSR, ìwé ojú ewé méjì kan wà tí agbẹjọ́rò kọ. Ó tako 840 níbẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀rí pé wọ́n kó o jáde. Ọ́físà náà sì fèsì pé rírà lemọ́lemọ́ àti dúrọ́ọ̀mù kan tó ti lọ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú fi hàn pé àṣà rẹ̀ ni. Dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo bá a dì í! Ìrẹsì àti aṣọ ìyá wa ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ṣùgbọ́n èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́. Adájọ́ bi agbẹjọ́rò pé ṣé ó tún ní àtakò. Ó ní "kò sí mọ́, Olúwa mi", tàbí ohun tó jọ ọ́. N kò rántí bóyá wọ́n mẹ́nu kan 840.

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Àìkú, aago 7:45 alẹ́

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí agbẹjọ́rò yẹn sọ, ó lè jẹ́ orí rẹ̀ ni ẹjọ́ yìí yóò dúró lé. Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n lè gbà kà á.

Bí ó bá túmọ̀ sí pé "yàtọ̀ sí èyí tí mo ti kọ sílẹ̀, kò sí òmíràn", àtakò náà wà láàyè. Nígbà náà, dandan ni kí adájọ́ ti sọ ohun tó rí lórí 840, tàbí kó sọ pé kò ní ipa lórí ìdájọ́. Òfin 32 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé ó gbàgbé, tàbí kò tẹnu mọ́ ọn, ilé-ẹjọ́ yóò ṣì wò ó, ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti fi hàn pé àṣìṣe náà hàn kedere, pé ó kan ìdájọ́, pé yóò sì ba iyì ìdájọ́ jẹ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Òkè gíga ni, àmọ́ àwọn kan ti gùn ún. Ní 2018, nínú ẹjọ́ Rosales-Mireles, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé bí àṣìṣe ìṣirò bá ti hàn tó sì ti kan ìdájọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn, bóyá torí ó ti bá olùpẹ̀jọ́ ṣàdéhùn lórí nǹkan mìíràn, ilẹ̀kùn yẹn ti lè tì.

Ìwọ àti èmi kò lè mọ èyí tó jẹ́ láti inú ohun tí ẹ rántí. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù ló máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Tèmi_Akẹ́kọ̀ọ́Òfin | Àìkú, aago 9:00 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ọmọ kékeré ni mí níbí. Mo fẹ́ bèèrè bóyá wọ́n wo abala 4C1.1. Láti 1 November 2023, ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kankan lè gba ìdínkù ipele 2. Wọ́n yọ ẹni tó ní ìbọn tàbí ohun ìjà eléwu mìíràn, tó gbé e tàbí tó tà á, nínú ọ̀ràn náà kúrò. Mo ka gbólóhùn yẹn nígbà mẹ́ta. "Ìbọn" ló wà níbẹ̀. N kò rí "ọta".

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Àìkú, aago 9:35 alẹ́

Tèmi, o káre. Ojú rẹ ríran. Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe ìṣirò: ipele 26, yọ 2, yọ 3, ó ku 21. Oṣù 37 sí 46. Ìyẹn ni pé bí a bá tilẹ̀ pàdánù lórí 840 pátápátá, oṣù 46 tí wọ́n fún un yóò kúrò ní ìsàlẹ̀, yóò di òkè téńté. Olùpẹ̀jọ́ yóò jiyàn pé ọta náà jẹ́ ohun ìjà eléwu. Ìjiyàn yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú mi, ọta láìsí ìbọn kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n adájọ́ mẹ́ta ló máa sọ ọ́. Kí agbẹjọ́rò tuntun wò ó bóyá wọ́n gbé e dìde ní kóòtù ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà lójú ọ̀nà kan náà. Láti 9 March 2020, ọ̀pọ̀ ọta ìbọn ọdẹ àti ìbọn ìléwọ́ kúrò lábẹ́ àkójọ nǹkan ogun, wọ́n bọ́ sábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ìṣòwò. Abala 2M5.1 ló wà fún irú ọjà tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń ṣàkóso: 26 bí wọ́n bá yẹ àkóso tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, 14 bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Abala wo ló yẹ kí wọ́n lò fún irú ọta tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn? Ó yẹ kí ẹnì kan bi ìyẹn léèrè.

Akọ̀wé_Kóòtù | Àìkú, aago 10:10 alẹ́

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ògiri ìyọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ṣì wà níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ka gbólóhùn náà.

Àkànní | Àìkú, aago 10:31 alẹ́

Ní kúkúrú: ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ láti tako ìdájọ́ náà, àyàfi bí adájọ́ bá kọjá òkè iye tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ṣírò, tàbí bí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ.

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Àìkú, aago 11:05 alẹ́

N kò ní tàn yín jẹ. Gbólóhùn yẹn le. Oṣù 46 kò kọjá òkè ìṣirò adájọ́, nítorí náà àyàfi àkọ́kọ́ kò gbà wá. Bí olùpẹ̀jọ́ bá gbé ìwé yẹn síwájú ilé-ẹjọ́, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà nù láìka ohun tí mo kọ lórí 840.

Kí ló lè ṣí i? Ọjọ́ tó gbà pé òun jẹ̀bi, Òfin 11 ní kí adájọ́ bá a sọ ọ́ lójúkojú nínú kóòtù pé ó ń yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, kó sì rí i dájú pé ó yé e. Bí adájọ́ bá fò ó, tàbí bó sọ ohun mìíràn tó ta ko ìwé, ìyọ̀ǹda náà lè má dúró. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, olùpẹ̀jọ́ kì í lò ó. Mo ti rí i.

Bí ẹjọ́ náà bá sì kùnà níbẹ̀, ọ̀nà kejì ṣì wà: ẹ̀bẹ̀ abẹ́ abala 2255, tí yóò lọ sọ́dọ̀ adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé agbẹjọ́rò kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn yín sì fi àyè ìyẹn sílẹ̀ gbangba. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 2003, nínú ẹjọ́ Massaro, pé ẹni tí kò sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò pàdánù rẹ̀. Ọdún kan ni ààyè rẹ̀, láti ìgbà tí ìdájọ́ bá ti di àṣekágbá. Agbẹjọ́rò tó kọ àtakò sílẹ̀ tó sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù, tí kò pe ẹni tó bá wọn di dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ìbéèrè tó lágbára ni.

Ní ti ìbẹ̀rù yín pé kí wọ́n má fi kún un: Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 2008, nínú ẹjọ́ Greenlaw, pé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò lè fi kún ìyà ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ bí ìjọba kò bá pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ewu méjì ló kù. Bí wọ́n bá dá a padà fún ìdájọ́ tuntun, olùpẹ̀jọ́ lè wá pẹ̀lú ẹ̀rí tó lágbára sí i lórí 840. Àwọn kóòtù kan sì máa ń wò ó pé ẹni tó pe ẹjọ́ lẹ́yìn tó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ló da àdéhùn, kí ìjọba náà lè gbàgbé ìlérí tirẹ̀. Ẹ bi agbẹjọ́rò tuntun bí ó ṣe rí ní agbègbè kóòtù yín kí ẹ tó kọ àròyé, ìyẹn ìwé tí a fi ń ṣàlàyé ìdí ẹjọ́ fún ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kíkọ àròyé ni mo wí o. Fífi ìwé sílẹ̀ kò lè dúró de ìyẹn, torí a lè fa ẹjọ́ sẹ́yìn, a kò lè fa ọjọ́ sẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ kó tako jíjẹ̀bi rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdájọ́ nìkan.

Ìyá_Ìbejì | Ajé, aago 5:50 àárọ̀

Ṣé ó gbọ́dọ̀ wọlé sẹ́wọ̀n kí ẹjọ́ náà tó parí ni?

Agbẹjọ́rò_Àgbà | Ajé, aago 7:15 àárọ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ lè fi í sílẹ̀ bó bá dá a lójú pé kò ní sá, kò léwu fún ẹnikẹ́ni, tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi tó lè dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù sí ohun tó kéré ju àkókò tí ẹjọ́ náà yóò gbà. Ìyàtọ̀ oṣù 10 àti oṣù 46 wúlò púpọ̀ níbí. Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn tó pé.

Àkànní | Ajé, aago 4:35 ìrọ̀lẹ́

Agbẹjọ́rò kò dáhùn di ọ̀sán. Èmi, àbúrò mi àti ìyá wa lọ sí kóòtù. Ó sọ fún obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé pé òun fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò bi í ní ìdí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Ó tẹ ìwé kan, àbúrò mi fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ sí i: ọjọ́ 11. Agbẹjọ́rò pè wá nínú mọ́tò nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní òun náà ti ń múra láti fi í sílẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé_Kóòtù | Ajé, aago 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ́run ṣeun! Ọjọ́ 14 mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ báyìí láti béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú kóòtù. Ẹ má béèrè ti ọjọ́ ìdájọ́ nìkan. Ẹ béèrè ti ọjọ́ tó gbà pé òun jẹ̀bi pẹ̀lú, nítorí ìyọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn.

Àkànní | Ọjọ́rú, aago 8:20 alẹ́

A ti béèrè méjèèjì. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti yan agbẹjọ́rò mìíràn, obìnrin ni, ó pè wá lónìí. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni ta ló bá a di dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí n fi ọjọ́ sí i, kí n sì tọ́jú rẹ̀. Ìyá wa jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, òun ló ń rán mi létí orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan.